Yìnyín bo igi mọ́lẹ̀ kí ewé tó wọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìdùnnú
Ẹ kú òtútù o, gbogbo ilé. Ìgbà ìwọ́wé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ewé orí igi ládùúgbò wa ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àfi bí yìnyín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nírọ̀lẹ́ ìjẹta, tí kò sì dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò fojú kan oorun. Mo ń gbọ́ tí ẹ̀ka ń ké, á dún gbàù bí ìbọn, gbogbo ewé rẹ̀ á ya lulẹ̀, kẹ́kẹ́ á sì pa títí òmíràn á tún fi ṣẹ́.

Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, igi ńlá ẹ̀gbẹ́ ilé ti ya níbi tó ti pín sí méjì. Ẹ̀ka kan tó tóbi tó itan ènìyàn dùbúlẹ̀ sórí òrùlé. Òmíràn rọ̀ sórí wáyà tó gbé iná wọ ilé wa, wáyà náà sì ti tẹ̀ wálẹ̀ débi tí ọwọ́ mi lè tó o. Látìgbà náà ni iná ti lọ. Àwọn igi kéékèèké tí mo gbìn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti tẹrí ba, orí wọn kan ilẹ̀.

Àwọn ọkùnrin méjì ti wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ní ẹ̀rọ ìgégi, kí n san owó kí àwọn gé gbogbo rẹ̀ kúrò lónìí. Ọkọ mi ní ká jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ọkàn mi kò gbà. Abẹ́ igi yìí ni àwọn ọmọ mi ti kọ́ ìrìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, ta ni kí n pè, ṣé igi yìí ṣì lè yè?

Bàbá Oníwáyà
Ìyá Ìdùnnú, ẹ kú ewu. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà yẹn o. Ẹ má sì fọwọ́ kan ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀, torí igi tútù a máa gbé iná. Pé ilé yín ṣókùnkùn kò sọ pé wáyà ti kú. Wọ́n lè dá iná padà nígbàkigbà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì lè ti iná gba ẹ̀yìn wọ inú ìlà. Ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà sí i, ó kéré tán mítà 10, kí ẹ máa gba ilẹ̀kùn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé.

Iléeṣẹ́ iná ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má sọ pé "iná lọ" nìkan, torí gbogbo àdúgbò ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lónìí. Ẹ sọ pé wáyà ti wálẹ̀ débi tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn án.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ onílé kì í mọ̀. Ẹ dúró sókèèrè kí ẹ wo ara ògiri níbi tí wáyà ti wọlé, ẹ ó rí páìpù kan tó dì í mú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wáyà jẹ́ ti iléeṣẹ́ iná, ṣùgbọ́n páìpù yẹn àti ohun tó so ó mọ́ ògiri jẹ́ ti onílé. Bó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti já, wọn ò ní so yín padà títí oníná tó ní ìwé àṣẹ á fi tún un ṣe. Torí náà, bó bá ti bàjẹ́, ẹ wá oníná báyìí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá dé tí páìpù ò tíì dára, wọ́n á kọjá sí ilé mìíràn, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe, ohun tí Bàbá Oníwáyà sọ ló ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ igi.

Ewé ló fa gbogbo èyí. Nígbà òtútù gan-an, igi ti wà níhòòhò, yìnyín á máa gba àárín ẹ̀ka bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewé bá ṣì wà, ńṣe ni ewé kọ̀ọ̀kan dà bí àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n tẹ́ láti fi gba nǹkan. Yìnyín tó bá sì já lásìkò yìí máa ń rin gbindin, torí afẹ́fẹ́ kò tíì tutù tán. Yìnyín gbígbẹ tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan kì í sábà wúwo ju kìlógíráàmù 100 lọ. Èyí tó rin lè ju 200 lọ dáadáa. Kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ yín, igi náà kò sì ṣàìsàn.

Àwọn kéékèèké yẹn, ẹ má gbọ̀n wọ́n o. Ẹ mú ìgbálẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀ka, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ kí yìnyín lè yọ̀ bọ́. Bí ẹ bá ń lù ú látòkè, ẹ ń fi kún ẹrù tó ti fẹ́ ṣẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ni. Bí yìnyín bá ti dì mọ́ ẹ̀ka gbagidi, ẹ fi í sílẹ̀ kí oòrùn yọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wọn á gbérí fúnra wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí kò bá gbérí, ẹ fi òpó àti aṣọ tó fẹ̀ díẹ̀ dì í mú ṣánṣán, ẹ má fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́, á gé èèpo rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn, ẹ dá wọn padà. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó kó tó ṣiṣẹ́, tí kò ní ìwé adójútòfò, tí kò kọ ohun tó máa ṣe sílẹ̀, kò yẹ kó gun igi yín. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ṣé ẹ máa fi bàtà onírin gún igi yìí gùn? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, lórí igi tí ẹ fẹ́ kó yè, ẹ ti mọ̀ pé wọn kò mọ iṣẹ́. Ihò kọ̀ọ̀kan tí irin náà dá sára igi alààyè, egbò ni.

Akin Òkè
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ igi pa yín. Mo fi ẹ̀ka kan tó ṣẹ́ sílẹ̀ lórí igi wa lẹ́yìn irú yìnyín báyìí, mo ní yóò dára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò tiẹ̀ fẹ́ rárá, ó já bọ́ sórí mọ́tò wa. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Èmi ò ní fi igi sílẹ̀ mọ́ láyé. Ẹ gé e kúrò, ẹ gbin òmíràn.

Ọmọ Àgbẹ̀
Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ kú oríire. Mo fara mọ́ yín lórí ẹ̀ka tó ṣẹ́ tó sì fi kọ́ sókè, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rìn lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé e kúrò lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń rọ̀ dirodiro yàtọ̀ sí igi fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ń rí lọ́dọọdún nìyí: ẹ̀rù ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń pa igi jù, yìnyín ò pa tó ìyẹn. Bí ìdá 25 nínú 100 orí igi bá lọ, ó sábà máa ń yè. Bó bá ju ìdajì lọ, tàbí tí ìtì igi là láti oríta, ibi tó ti pín sí méjì, dé ìsàlẹ̀, ìyẹn ṣòro, èmi náà á ní kí ẹ gé e.

Ìyá Ìdùnnú, ẹ wo ibi tí ó ti ya. Ṣé yíya náà dúró ní oríta, àbí ó sọ̀kalẹ̀ wọ ìtì?

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́
Ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i, torí ọ̀rọ̀ inú ilé ló ń jẹ mí lọ́kàn. Iná ti lọ fún ọjọ́ méjì, òtútù sì wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sí gáréèjì tàbí sí ẹ̀yìn fèrèsé, kódà bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Kó jìnnà sí ilé tó mítà 6, kí ẹnu tó ń tú èéfín kọjú sí òdìkejì. Ẹ má sun èédú nínú ilé láti fi yáná. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín wọn, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín, èébì á máa gbé yín, oorun á sì kùn yín. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sá jáde kí ẹ tó máa wá oògùn. Bí ẹ bá tan mọ́tò láti gba ooru, ẹ kọ́kọ́ kó yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù èéfín rẹ̀.

Oúnjẹ: fìríìjì tí a kò ṣí á pa òtútù mọ́ fún wákàtí 4. Fìrísà tó kún á ṣe é fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún 24. Nítorí náà, ìyá wa, àkókò tiyín ti ń pé. Ẹ má kó ẹran lọ sínú yìnyín lóde, oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ, ẹranko á sì wá a wá. Ohun tó dára ni kí ẹ bu omi sínú ike, kí ẹ gbé e síta lóru kó dì, kí ẹ wá gbé omi dídì náà sínú fìrísà.

Ẹni tó bá sì ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má mú ṣọ́bìrì. Yìnyín tó rin yìí, kíkún ṣọ́bìrì kan ti tó ẹrù. Mo ti rí ẹni tó wó lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ṣọ́bìrì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbà Ìtàn
Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ìyá Ìdùnnú: kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni irú èyí bá rí. Ní ọjọ́ 12 sí 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, yìnyín tó ju sẹ̀ǹtímítà 55 lọ já sí Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York, ewé ṣì wà lórí igi. Nǹkan bí ilé àti ilé iṣẹ́ 400,000 ni kò ní iná, àwọn kan ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní ọjọ́ 29 sí 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìlà oòrùn àríwá Amẹ́ríkà. Ní ìlú kékeré Peru ní Massachusetts, yìnyín náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 81, iná sì lọ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ní Calgary ní Kánádà, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ló dé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tiẹ̀ tíì parí lórí kàlẹ́ńdà.

Ohun tó wú mi lórí nínú ti Buffalo ni pé àwọn ará ìlú kóra jọ lẹ́yìn náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ Re-Tree Western New York sílẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi padà. Ìmọ̀ràn tèmi kò pọ̀: ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀ka kan kúrò. Òrùlé, wáyà, igi, láti ọ̀nà jíjìn àti láti ìtòsí. Iléeṣẹ́ adójútòfò á béèrè. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ bá san, títí dé ti tapólì tí ẹ bá rà bo òrùlé.

Ìyá Ìdùnnú
Ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Mo ti dá àwọn ọkùnrin yẹn padà. Mo pe iléeṣẹ́ iná bí Bàbá Oníwáyà ṣe ní kí n sọ ọ́, wọ́n dé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n sì pa iná orí wáyà náà, wọ́n gbé e kúrò. Páìpù ara ògiri tẹ̀ lóòótọ́. Oníná ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ Àgbẹ̀, mo lọ wo igi náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Yíya náà dúró ní oríta, ó sọ̀kalẹ̀ tó ìbú ọwọ́ méjì péré, lẹ́yìn ìyẹn èèpo rẹ̀ dán, kò sí ìlà kankan. Ọkọ mi náà fọwọ́ pa á.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé o. Ooru ti mú láti ọ̀sán, yìnyín ń yọ́ kíákíá, omi ti ń kún iwájú ilé.

Bàbá Oníwáyà
Ewé ló dí gọ́tà. Ilẹ̀ ṣì ní ooru lára, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ báyìí. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ fi réèkì fa ewé kúrò lẹ́nu ihò omi ojú títì, kí ẹ dúró sí etí ọ̀nà, kì í ṣe àárín omi. Bí wáyà ẹlòmíràn bá wà nínú omi náà, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá. Ẹ má gun òrùlé lọ kó ewé, ọ̀pá gígùn ni kí ẹ fi ṣe é láti ìsàlẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀
Ìbú ọwọ́ méjì, inú mi dùn. Ẹ̀ka tó wà lórí òrùlé, kí agégi tó ní ìwé adójútòfò gbé e kúrò, ẹ má gé e fúnra yín. Ẹ̀ka tó tẹ̀ dà bí ọrun tí wọ́n fà, bí ayùn bá kàn án, ó lè ta padà sójú ènìyàn. Ẹ sọ fún agégi pé ẹ fẹ́ kó fi bóòtù, irin gígùn tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè, di oríta náà mú, kó má gé orí igi náà kúkúrú.

Àwọn kéékèèké tó ṣẹ́ tí ọwọ́ yín tó láti ilẹ̀, wọ̀nyẹn ni kí ẹ gé. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé abẹ́ ẹ̀ka wọ inú díẹ̀, níbi tó jìnnà sí ìtì tó gígùn apá ìsàlẹ̀ ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e látòkè, ẹ sún síwájú díẹ̀ sí i, ẹ̀ka á já láìbó èèpo lọ. Ẹ wá gé kùkùté tó kù. Ní ìdí ẹ̀ka, ẹ ó rí ibì kan tó wú yíká bí ọrùn. Ẹ gé e síwájú ibẹ̀, ẹ má gé wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni igi á ti pa egbò náà dé. Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún.

Tí ìgbà ìrúwé bá dé, kí ẹ ya fọ́tò oríta yẹn kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ rí i.

Ìyá Ìdùnnú
Ẹ ó rí i, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ti gé aṣọ ìbora àtijọ́ kan sí wẹ́wẹ́ láti fi di àwọn kéékèèké mú. Mẹ́rin nínú mẹ́fà ti gbé orí.