Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀nà èdè

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè wa, mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, ọ̀nà èdè ló ń dà á láàmú. Àfiwé tààrà ò ṣòro fún un. Tó bá ti rí "bí" tàbí "dà bí", ó ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó kọ ọ́ sínú àròkọ pé: "Ọ̀sà ń bínú, ó lé àwọn apẹja wálé." Mo ní ìfohunpènìyàn ni, ìyẹn fífún ohun tí kì í ṣe ènìyàn ní ìwà ènìyàn, torí ènìyàn ló ń bínú. Ó ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, ìyẹn àfiwé tí kò lo "bí", torí rírú omi ló fi wé ìbínú. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀! Gbólóhùn yẹn sì dùn mọ́ mi gan-an. Ṣé gbólóhùn kan lè ní ọ̀nà èdè méjì? Èwo ni kó dárúkọ nínú ìdánwò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ tì í.