Àdúgbò wo ló yẹ ká gbé ní Ilé-Ifẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU), a sì fẹ́ kó kúrò ní Èkó wá sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí àwọn ọmọ bá ti ṣèdánwò tán. Aṣọ ni èmi ń rán.

Omi ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ní Agége, lọ́wọ́ mẹ́rúwà la ti ń ra omi, ó sì ti sú mi. Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀, kì í ṣe ibi gbogbo ni kànga ti ń rí omi tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Parakin àti Ẹ̀lẹ́yẹlé, ṣé kànga yín kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Mayfair wù mí nítorí iṣẹ́ mi, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU pọ̀ níbẹ̀. Ṣé ìdílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lè sùn dáadáa? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká wo Modákẹ́kẹ́. Ìyá mi ṣì ń rántí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ọkàn wọn ò balẹ̀. Èmi gbà pé àlàáfíà ti dé, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.

Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà náà wà lábẹ́ OAUTHC, wọ́n lè gbé ọkọ mi lọ síbẹ̀. Ṣé èèyàn lè máa lọ máa bọ̀ láti Ifẹ̀ lójoojúmọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ àdúgbò yín àti iye tí ẹ̀ ń san gan-an fún ilé oníyàrá méjì, kì í ṣe iye tí éjẹ́ǹtì ń pè. Ẹ ṣeun púpọ̀.