Ẹ má pe ìgbáyégbádùn ará ìlú ní àánú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣètò ìwé ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ará ìlú (social work) ní ká bá òun yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó fi túmọ̀ èdè Òyìnbó wò: "àánú ìjọba" fún social welfare, "òfin ìlú" fún social policy, "ìmọtara-ẹni" fún self-awareness. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí "àánú" wọ inú ìwé yẹn.

Ọwọ́ ẹni tó ń ṣàánú ni àánú wà. Bó bá wù ú, á ṣe é. Bí kò bá wù ú, á kọjá lọ. Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kò lẹ́nu láti béèrè ìdí tí wọn ò fi ṣe é mọ́. Àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogí ló sì yẹ kó tètè rí ìyàtọ̀ yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ọmọ Òmùò ní Èkìtì wọlé láìsanwó. Ọmọ Ìyámoyè ní Ìjùmú lọ́dọ̀ wa, tí ojú ọ̀nà kan náà so pọ̀ mọ́ Òmùò, kò sí nínú ètò náà, torí abẹ́ ìjọba Àríwá ni wọ́n pín àwa Ìjùmú, Yàgbà, Òwé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ sí. Ṣé ará Òmùò làánú tọ́ sí jù wá lọ ni? Ìlànà ìjọba méjèèjì ni ò dọ́gba. Ọmọ olówó Òmùò náà jàǹfààní rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn pè é ní aláìní.

Nítorí náà, "ìgbáyégbádùn ará ìlú" ni tèmi fún ipò tí à ń wá fún gbogbo ènìyàn, kí "ìtọ́jú ará ìlú" sì dúró fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kọ́wọ́ lè tó ipò náà. Àwọn kan á ní ìgbáyégbádùn ń rùn bí àríyá. Rárá o. Ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn rédíò ti mọ̀ ọ́n mọ́ ilé-ìwòsàn àti owó ìfẹ̀yìntì. "Afẹ́nifẹ́re" ì bá dùn mọ́ mi, àmọ́ ó ti jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú látìgbà Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀.

"Òfin" náà kò tó. Ọdún 1999 ni òfin ètò adójútòfò ìlera jáde ní Nàìjíríà. Ọdún 2005 ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. "Ìlànà" ni ká lò: ohun tí ìjọba pinnu àti bó ṣe fẹ́ ṣe é. Òfin lè wà nínú rẹ̀, ètò náà á sì wà nínú rẹ̀.

"Ìmọtara-ẹni" ló léwu jù. Gbogbo wa la mọ "ìmọtara-ẹni-nìkan", akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé ìwà burúkú là ń kọ́ òun. Òṣìṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ máa ń nà bí ẹní nà bàrà nígbà èwe lè pàdé ọmọ tó sá nílé. Bí kò bá mọ ìbínú tó ṣì wà nínú ara rẹ̀, á ti dá bàbá ọmọ náà lẹ́bi kó tó gbọ́ tẹnu wọn. Mo dábàá "ìmọnú-ara-ẹni": kéèyàn mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀.

Ẹ bá mi wo ìkẹrin tí ẹ̀gbọ́n kò fi kún un: kí la ó máa pe ẹni tó wá sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ náà? Ẹ má sọ pé "aláìní". "Oníbàárà" sì ti lọ sọ́jà jù. "Ẹni tí à ń tọ́jú" ni mo máa kọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ gùn.