Ta ló ń san owó gíláàsì tí àwọn akọni inú fíìmù ń fọ́?

Onígíláàsì Kubwa:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ gíláàsì àti alumíníọ́mù ni mò ń ṣe, Dei-Dei l'Ábújá níbí ni mo ti ń ra ọjà. Lálẹ́ Sátidé, àbúrò mi gbé Avengers ti 2012 sílẹ̀, fíìmù ẹgbẹ́ àwọn akọni bíi Hulk, a jọ ń wò ó. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìjà New York, n kò rí ìjà mọ́, fèrèsé ni mò ń kà. Ẹranko ńlá kan fi ara gbá ilé àwòṣífìlà, gíláàsì ń rọ̀ wálẹ̀ bí òjò. Àbúrò mi ń pariwo “Hulk! Hulk!”, èmi ń ṣírò.

Oṣù tó kọjá, gíláàsì kan ṣoṣo bọ́ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ mi ní Gwarinpa. Irú èyí tí wọ́n fi iná mú le ni, tó bá fọ́ á rún wómúwómú bí iyọ̀. Tí wọ́n bá ti fi iná mú un le tán, kò ṣeé gé mọ́. Àfi kí o tún wọn ojú fèrèsé, kí o ránṣẹ́ ṣe òmíràn, kí o sì jókòó máa retí. Oníbàárà yọ gbogbo owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ mi.

Ta ló wá san ti New York? Ẹ má sọ fún mi pé Stark, Iron Man inú ẹgbẹ́ wọn, lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Olówó kì í tètè san gbèsè, ẹ bi mí.

Agbaṣẹ́ṣe Apo:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ wo Spider-Man: Homecoming ti 2017. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan tó ń jẹ́ Toomes gba iṣẹ́ kíkó àwókù ìjà yẹn, ó ra ọkọ̀ akẹ́rù, ó gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Ó ṣe díẹ̀, obìnrin kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ó ní kí wọ́n kó ohun gbogbo sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Stark àti ìjọba Amẹ́ríkà ti dá Damage Control sílẹ̀, iléeṣẹ́ tí yóò máa kó àwókù, àwọn ni yóò máa ṣe é.

Ẹni tó fọ́ ilé náà ló tún gba iṣẹ́ kíkó o! Èmi tí mo ti fi owó àjọ ra táyà mẹ́rin fún iṣẹ́ tí ọ́fíìsì kan fagi lé nílùú yìí, mo paná tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní Toomes ni ọ̀daràn.

Làmídì Suleja:
Ohun ìjà ló lọ ń tà fún àwọn ọmọ ìta, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ńkọ́?

Agbaṣẹ́ṣe Apo:
Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ti ibi táyà bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Nyanya:
Ẹ̀yin ọkùnrin, owó lẹ ń sọ. Ṣé ẹ rí Black Panther ti 2018, níbi tí T'Challa, ẹni tó fẹ́ jọba Wakanda, orílẹ̀-èdè Áfíríkà inú fíìmù, ti já wọ igbó Sambisa? Kì í ṣe àwọn obìnrin tí wọ́n jí gbé yẹn ló wá gbà o. Nakia, amí Wakanda tó fara pamọ́ sáàárín wọn, ló wá mú, kó lè wá síbi ìwúyè T'Challa. Inú bí Nakia, ó ní ó ba iṣẹ́ òun jẹ́. Inú á bí èmi náà.

Wọ́n wá ní kí àwọn obìnrin náà máa lọ sílé, kí wọ́n má sọ ohun tí wọ́n rí fún ẹnikẹ́ni. Ilé wo? Mo ti ṣòwò aṣọ dé Maiduguri, mo mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tẹ́ lọ tó. Òru ni, ẹsẹ̀ lásán. Àwọn mọ́tò tí ìbá gbé wọn, ọba fúnra rẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀ sì wà lókè níbẹ̀.

Làmídì Suleja:
Ẹ ò rí ti Èkó nínú Captain America: Civil War, 2016, níbi tí àwọn Avengers ti jà? Ilé gbiná, ènìyàn kú, àmọ́ ọmọ Wakanda 11 tó wà lára wọn ni ìròyìn ń dárúkọ. Orílẹ̀-èdè 117 wá fọwọ́ sí ìwé láti kó àwọn Avengers níjàánu. Onílé Èkó ṣì ń dúró.

Onígíláàsì Kubwa:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun mà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé gíláàsì tí wọ́n ń fò gba inú rẹ̀ nínú sinimá kì í ṣe gíláàsì rárá, pé ṣúgà ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́. Mo ní kó bá mi béèrè iye tí wọ́n ń tà á, torí ti Gwarinpa. Ìyàwó mi ní èèrà á ti jẹ fèrèsé tán kí òjò tó dé.