Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀kadà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ra Bajaj àlòkù kan tí mo fẹ́ máa gbé lọ sóko láti Ìṣẹ́yìn. Bí mo bá ti ki í sí jíà kìíní, tí mo rọra ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, á ta gìrì, á sì kú. Lórí òkè ló burú jù, ńṣe ló ń fà mí padà sẹ́yìn. Báwo lẹ ṣe ń gbéra níbẹ̀? Lánàá, mo fún bíréèkì ọwọ́ lórí iyanrìn, táyà iwájú yọ̀, orúnkún mi bó. Ṣé ti ẹsẹ̀ nìkan ni kí n máa tẹ̀ níbẹ̀ ni? Ìyàwó mi ní òun ò ní gun ẹ̀yìn mi láìsí akoto, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.