Adìẹ ń tògbé: ẹ wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tú kápúsù sómi

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aládìẹ ẹ̀yìnkùlé. Bí adìẹ bá ti wú ìyẹ́, tó dijú, tó dá dúró síbi ògiri nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ kiri, kápúsù pupa-àti-yẹ́lò (tetracycline) ni ọ̀pọ̀ wa máa ń tú sínú omi. Ẹ dákun, ẹ dáwọ́ dúró ná. Èyí tí aràn ń yọ lẹ́nu, èyí tí ẹyin há sí nídìí, èyí tí lùkúlùkú mú, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń tògbé.

Alẹ́, nígbà tó bá ti wọlé sùn, ni kí ẹ gbé e. Kò ní janpata. Ẹ fi ìka tọ egungun àyà rẹ̀. Bó bá mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, àìsàn náà ti pẹ́ lára rẹ̀, kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ogbe rẹ̀: bó bá funfun, ohun kan ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó bá dúdú bí aró, èémí ni kò tó o. Ẹ gbé e sínú páálí tí ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sí. Kí ilẹ̀ mọ́, kó tó jẹun, ẹ fọwọ́ kan àpò ọ̀fun rẹ̀. Ó yẹ kó ti fẹ̀lẹ̀. Bó bá le bí òkèlè ẹ̀bà, koríko ló dì sí i. Bó bá ń mì bí omi inú ọ̀rá, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn kíkan, oúnjẹ ti kan níbẹ̀. Ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò láti tú u dà, omi náà lè gba ibi èémí lọ, kó sì pa á lójú yín.

Ẹ wá ka ìgbẹ́ orí ìwé ìròyìn yẹn. Èyí tó dúdú díẹ̀, tó dé fìlà funfun, dáadáa ni. Èyí tó rí bí ọ̀dà, tó lẹ̀, tó ń rùn burúkú, tó ń jáde bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kì í ṣe àìsàn. Ìfun kan lọ́tọ̀ ló ń dà á, àìmọye oògùn ni àwọn èèyàn sì ti fi ṣòfò lórí rẹ̀. Èyí tó tutù yọ̀ bí ewé, tó sì ṣàn bí omi, túmọ̀ sí pé kò jẹun, tàbí pé lùkúlùkú ni. Èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹni tó kàn ni yóò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Àbí ó ń sàba ni? Èyí náà máa ń wú ìyẹ́, kì í sì í jẹun púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá ṣáká. Ẹ na ọwọ́ sí i, yóò ṣá yín.

Alágò, Ìmọ̀ta

Ẹ ṣé, Màmá. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lára òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ 3 sí 8, pàápàá ní àsìkò òjò, coccidiosis, àrùn tí kòkòrò inú ìfun ń fà, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìyẹ̀fun pákó tó tutù yí ibi omi ká ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, kí ẹ sì lawọ́. Bó bá dì mọ́ra bí ẹ̀kọ, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Bó bá tú ká, ó ṣì dára.

Amprolium ni oògùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 20% sí lára: gíráàmù 0.6 sí lítà omi kan, tàbí 1.2 bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, fún ọjọ́ 3 sí 5. Lẹ́yìn náà gíráàmù 0.3 fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ṣíbí ń purọ́. Kí wọ́n má rí omi mìíràn mu, ẹ sì máa pò tuntun lójoojúmọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé: wọ́n á po fítámì mọ́ ọn kí adìẹ lè lágbára. Fítámì B1 ni oògùn yìí ń dínà rẹ̀ kí kòkòrò náà má rí i lò. Ẹ fún un ní B1, ẹ ti bọ́ kòkòrò. Ẹ fi fítámì sílẹ̀ di ìgbà tí oògùn bá parí.

Dókítà Ẹran, Sábó

Ọ̀rọ̀ Alágò tọ̀nà. Ti lùkúlùkú ńkọ́? Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, nígbà ọyẹ́, ni ó máa ń jà jù. Adìẹ yóò máa yanu mí, ìyẹ́ apá á wó, ìgbẹ́ á tutù yọ̀ bí ewé. Èyí tí kò bá tètè kú, ọrùn rẹ̀ lè lọ́ sẹ́yìn, tàbí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Fáírọ́ọ̀sì ni, kò sí kápúsù tó ń pa á. Mo mọ̀ pé wọ́n ń rẹ tàgírì sómi fún un. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí tàgírì, àmọ́ ẹ má tìtorí rẹ̀ fo àjẹsára.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran, NVRI, tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Irú rẹ̀ tó ń jẹ́ Lasota la sábà ń fi sómi. Ìgò kan ń tó ọ̀pọ̀ adìẹ, nítorí náà kí aládùúgbò mẹ́rin tàbí márùn-ún dáwó jọ ra á, kí ẹ sì gbé e wálé nínú yìnyín. Ẹ gba omi lọ́wọ́ adìẹ fún wákàtí kan sí méjì. Omi kànga ni kí ẹ lò. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kúlórínì sí yóò pa àjẹsára náà. Ẹ po mílíìkì lúbúlúbú tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, gíráàmù 2.5 sí lítà kan, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó da àjẹsára sí i. Fún àgbà adìẹ 10, ìdajì lítà tó, inú ike ni kó wà, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún un ṣe. Kò wúlò fún èyí tí àìsàn ti wọ̀ lára.

Aládùúgbò, Odógùnyàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Adìẹ mi kò jẹun. Ṣé kí n ro epo pupa sí i lẹ́nu bí ìyá wa àgbà ṣe máa ń ṣe?

Dókítà Ẹran, Sábó

Rárá o, àbúrò. Ẹ la ẹnu rẹ̀: ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ahọ́n, tó ń ṣí tó ń pa dé, ibẹ̀ ni èémí ń gbà. Epo tí ẹ bá rọ́ síbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Èyí ni kí ẹ pò fún un: lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tó tẹ́jú, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ máa kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lẹ́kán-lẹ́kán, kó máa gbé e mì fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀sà, Báyékú

Lọ́dọ̀ tiwa létí ọ̀sà, ẹ̀fọn ni wàhálà wa, ẹ̀fọn ló sì ń gbé àrùn èépá adìẹ tí wọ́n ń pè ní fowl pox kiri. Ẹ ó rí èépá dúdú lórí ogbe àti ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹ má ṣí i. Ẹ fi ayodíìnì kàn án lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí ẹ sì fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú kó má baà lẹ̀ pọ̀, torí adìẹ tí kò ríran kò ní jẹun, ebi ló máa pa á. Ẹ wo inú ẹnu: bí ohun funfun bá dì sí ọ̀nà ọ̀fun, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àjẹsára tirẹ̀, awọ apá ni wọ́n ń gún un sí. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, kí ẹ wò ó bóyá ó ti wú díẹ̀. Bí kò bá wú, kò mú.

Ti ogbe funfun tí Màmá sọ: ẹ mú ìwé ìnùdí funfun, ẹ fà á lábẹ́ igi tí wọ́n ń sùn lé lóru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára rẹ̀, kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ tó ń sápamọ́ sínú sísán igi lọ́sàn-án ni. Kò ní sí lára adìẹ tí ẹ bá wò ó ní ọ̀sán. Ilé ni kí ẹ tọ́jú: ẹ da omi gbígbóná sí gbogbo sísán, kí ẹ sì tún un dà lẹ́yìn ọjọ́ 7, nítorí ẹyin wọn yóò ti pa. Iná ara adìẹ yàtọ̀ o, ìdí ìyẹ́ nítòsí ihò ìdí ni ẹ ó ti rí ẹyin rẹ̀ funfun ní ìdìpọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ìgbógbó

Ọmọ Ọ̀sà, ẹ kú làákàyè. Ẹyin tó há ló kù: adìẹ á nàró gbọọrọ, á máa tiro, ìrù rẹ̀ á máa mì sókè sódò. Ẹ gbé e jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó dé ikùn rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ fi fasilíìnì pa ihò ìdí rẹ̀, kí ẹ wá gbé e sínú páálí tó ṣókùnkùn. Ẹ má fọ́ ẹyin náà sí i nínú, ìkarahun rẹ̀ yóò gé e. Tó bá di ọjọ́ kejì tí kò tíì yé, ẹ ké sí dókítà. Kó má baà tún há, ẹ gún ìkarahun ẹyin tí ẹ ti yan, kí ẹ gbé e sí abọ́ ọ̀tọ̀. Adìẹ tó nílò rẹ̀ á ṣà á jẹ.

Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá kú lálẹ́ ọjọ́ kan láìsí àmì, ẹ má fi ṣe ọbẹ̀. Ó lè jẹ́ àrùn gágá ẹyẹ (bird flu), tó wọ Nàìjíríà ní 2006. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kí ẹ fi tó dókítà ẹran ìjọba létí kí ẹ tó sin wọ́n.