Ilé àwọn onípòrodúùsì lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta: kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Ọmọ Ìyànà: Ẹ kú ilé o. Ilé pẹlẹbẹ kan wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́ lápá Agége níbí, fọkanáísà ló ń lò ó báyìí. Pèpéle rẹ̀ ga dé ibi tí ẹ̀yìn lọ́rì ga dé. Ìyá àgbà wa ní ilé àwọn onípòrodúùsì ni, pé lọ́rì kòkó kan ò gbọdọ̀ kọjá láì dúró. Ṣé owó ni wọ́n ń gbà ni?

Ẹ̀gbọ́n Mushin: Tógéètì ni jàre, bí èyí tó wà ní Ṣàngó Ọ̀tà nígbà kan.

Ọmọ Ẹ̀sámínà: Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni tógéètì fẹ́ fi ohun tó wà nínú ọkọ̀ ṣe? Ẹ ṣáà ti sanwó. Ẹrù gan-an làwọn yìí ń wò. Bàbá mi tó ti sùn jẹ́ ẹ̀sámínà pòrodúùsì, ìyẹn ẹni tó ń yẹ irè oko wò fún ìjọba, láyé Western Region. Kòkó tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò lókè lọ́hùn-ún, wọ́n á fi òjé dí ẹnu ìdọ̀họ rẹ̀, wọ́n á sì kọ̀wé fún un. Àwọn tó wà lẹ́bàá títì á wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ti tú òjé yẹn, torí Àpápá ló kàn, ó di ọkọ̀ òkun. Bí òjò bá fi lè gba abẹ́ tàpólì wọlé, wàhálà dé nìyẹn, gbogbo ẹrù di jíjá sórí pèpéle.

Bàbá mi á ki ọwọ́ bọ àpò dé ìgúnpá, á fún kòkó náà. Èyí tó bá gbẹ á dún ṣaworo, èyí tó tutù ò ní fọhùn. Ọ̀bẹ ló kàn. Wọ́n á ka 300 hóró, wọ́n á máa là á sí méjì lórí pákó: èyí tó bu lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò jẹ lọ́tọ̀, èyí tí inú rẹ̀ rí bí eérú torí pé wọn ò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó pẹ́ tó, òun náà lọ́tọ̀. Nínú ìlànà tí ayé ń lò lónìí, bí èyí tó bu bá ju 3 lọ nínú 100, kì í ṣe gíréèdì kìíní mọ́. (Àwọn dẹ́rẹ́bà? Èébú ni wọ́n fi ń kí bàbá mi káàárọ̀.)

Ìyá Ìbejì: Obì Agége wa ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀sámínà: Bọ́ọ̀dù, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ra irè oko nígbà náà, ò ra obì, mà. Kòkó àti ẹkùrọ́ ni tiwọn. Obì ń bá rélùwéè lọ Òkè Ọya ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Agége fúnra rẹ̀ gbin kòkó kí obì tó gbalẹ̀. Ẹ rántí oko J. K. Coker ní Ìfakò. Ìgbà tí ìjọba tú Bọ́ọ̀dù ká ní 1986 ni nǹkan dojú rú: ẹni tó bá ṣáà ti lówó lọ́wọ́ ń rà, ì báà gbẹ, ì báà tutù. Àyẹ̀wò ò kú o, ìpínlẹ̀ ṣì ń ṣe é, ìjọba àpapọ̀ náà ṣì ń ṣe tiẹ̀ ní èbúté.

Ọmọ Ìyànà: Ẹ ṣé, sà. Irin kan ṣì wà lórí pèpéle yẹn, wọ́n rì í mọ́ kọnkéré. Ṣé ìdí òṣùwọ̀n ni?

Ọmọ Ẹ̀sámínà: Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè ya fọ́tò rẹ̀ síbí kí àwọn oníkọ̀ndẹ́m tó wá hú u.